Bẹ́ ẹ ṣe lè tọpa iṣẹ́ olóṣèlú Amẹ́ríkà láti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ dé Washington

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí olóṣèlú Amẹ́ríkà kan ṣe gan-an, ẹ má kọ́kọ́ wo àwọn ipò tó dì mú. Gbogbo wa la ti rí irú ẹ̀ lórí Facebook, wọ́n á gbé fọ́tò èèyàn síta, wọ́n á to ipò jọ sábẹ́ ẹ̀, ó wọlé aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ́dún báyìí, ó wọ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lọ́dún báyìí, ó dupò ààrẹ, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ, ó parí. Tẹ́ ẹ bá bi ẹni tó kà á tán pé kí wá ni ẹni yìí ṣe, á kàn máa wò yín ni.

Ọ̀nà tó dáa jù lójú tèmi ni kẹ́ ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí olóṣèlú náà ń jà fún, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e láti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ títí dé Washington, kẹ́ ẹ wo ibi tó já sí. Shirley Chisholm ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ orúkọ ẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ó dupò ààrẹ lọ́dún 1972, ibẹ̀ náà ni ohun tí wọ́n mọ̀ parí sí.

Ilé wo ló ń ṣe kí ni?

Ìpínlẹ̀ 50 ló wà ní Amẹ́ríkà, kálukú ló ní ilé aṣòfin tiẹ̀, gbogbo wọn ló sì pín sí méjì àfi Nebraska nìkan tó ní ẹyọ kan. Ní ìpínlẹ̀ New York tí Chisholm ti bẹ̀rẹ̀, Albany ni wọ́n ti ń jókòó o, kì í ṣe ìlú New York. Assembly, ọ̀kan nínú ilé méjèèjì tiwọn, ní àga 150, ọdún méjì méjì ni wọ́n ń dìbò sí i. Ní Washington, House of Representatives ní àga 435, ọdún méjì méjì lòun náà, Senate ló ń lo ọdún mẹ́fà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń mú èèyàn méjì wá.

Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣe pàtàkì ni pé iṣẹ́ wọn ò pò mọ́ra wọn. Ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ilé ìwé, láísẹ́ńsì nọ́ọ̀sì àti ti mọ́tò, ìgbéyàwó, àti ọ̀pọ̀ jù lọ òfin tí ọlọ́pàá fi ń mú èèyàn. Washington ló ni ọ̀rọ̀ físà àti ìwé ìgbélùú, ogun, àti Social Security, ìyẹn owó tí ìjọba ń san fáwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Torí náà tí ẹnì kan bá ń du àga ìpínlẹ̀ tó wá ń pariwo pé òun máa tún ọ̀rọ̀ green card ṣe, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà ṣá tí ilé méjèèjì jọ ń fọwọ́ bà, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ wà lára wọn, irú àwọn wọ̀nyẹn ló dùn ún tẹ̀ lé jù, torí ẹ máa rí ẹnì kan náà tó ń ja ìjà kan náà nílé méjì.

Kí ló ń ṣe kó tó dé ipò?

Iṣẹ́ tó fi ń jẹun kó tó di olóṣèlú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Brooklyn, nínú ìlú New York, ni wọ́n bí Chisholm sí ní November 1924, Guyana ni bàbá ẹ̀ ti wá, ìyá ẹ̀ sì wá láti Barbados. Bàbá yẹn ń ṣiṣẹ́ ní fáktírì, ìyá ń ránṣọ, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ ilé fún àwọn ẹlòmíì. Ẹ fi ti iṣẹ́ ilé yẹn sọ́kàn, a máa padà dé ibẹ̀. Nígbà tó jáde ní Brooklyn College lọ́dún 1946, iṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ṣe, ó dẹ̀ di ọ̀gá àgbà ilé ìtọ́jú ọmọ kan ní Manhattan títí di ọdún 1959, lẹ́yìn náà ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ìlú New York lórí ọ̀rọ̀ irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti rí i lójoojúmọ́ bí ìyá ọmọ ṣe ń sáré gbé ọmọ sílẹ̀ láàárọ̀ kó má bàa pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ẹ ò ní bá a nílé aṣòfin kó máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ wá kílọ́ọ̀bù. Lágbo òṣèlú Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, kílọ́ọ̀bù pátì ládùúgbò ni ilẹ̀kùn. Nínú kílọ́ọ̀bù àwọn Democrat tí Chisholm ń lọ ní Brooklyn, ohun tí wọ́n ń fáwọn obìnrin ṣe ni pé kí wọ́n máa kun àwọn àpótí sìgá kéékèèké kó lè rẹwà, ìyẹn tí wọ́n máa ń lò nígbà tí wọ́n bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ráfù láti kówó jọ. Chisholm kun tiẹ̀, ó kùn ún dáadáa, àmọ́ ó wá dìde níjọ́ kan ó ní ṣé ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, àwọn obìnrin yìí ló ń pawó wọlé fún yín, kí ló dé tẹ́ ò fún wọn ní kọ́bọ̀ tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́? Wọn ò kọ irú ìyẹn sínú ìwé ìtàn ipò tó dì mú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti mọ ìyẹn, ohun tó ṣe ní Washington lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ò ní yà yín lẹ́nu.

Báwo ni àga yẹn ṣe ṣófo?

Ibi táwọn tó ń kọ ìtàn olóṣèlú máa ń fò nìyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n á ní ó gboyà, ó jáde, ó wọlé. Ṣé ìgboyà nìkan ló ń gbéni wọlé ni? Lọ́dún 1964, Thomas Jones tó wà lórí àga Assembly lọ di adájọ́, òun àti Chisholm ni wọ́n jọ wà nínú kílọ́ọ̀bù Unity Democratic Club, bí àga ṣe ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1965 Chisholm ti wà ní Albany.

Ti Washington tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ rẹpẹtẹ ní Bedford-Stuyvesant, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Bed-Stuy, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé àdúgbò náà wẹ́wẹ́ lórí máàpù, wọ́n fi ègé kọ̀ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ẹkùn ìdìbò táwọn aláwọ̀ funfun ti pọ̀ jù, kó ṣáà má sí ibi tí ìbò wọn ti máa tó nǹkan. Àwọn kan ní Brooklyn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ kóòtù, wọ́n dá wọn láre, wọ́n ní kí wọ́n tún máàpù yà, bí ẹkùn kejìlá tuntun ṣe jáde lọ́dún 1968 nìyẹn, Bed-Stuy sì wà láàárín gbùngbùn ẹ̀. Kí kóòtù tó sọ̀rọ̀, Chisholm ì bá gboyà títí, kò sí àga tó máa jókòó lé.

Torí náà, olóṣèlú yòówù kẹ́ ẹ máa wò, ẹ wá máàpù ẹkùn ẹ̀ ti ọdún tó wọlé àti ti ọdún tó ṣáájú, kẹ́ ẹ gbé méjèèjì síra wọn. Lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n máa ń tún un yà, àwọn tó sì wà nípò ló máa ń yà á ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí.

Ẹ tún ya ìdìbò abẹ́lé sọ́tọ̀ kúrò lára ti November. Níbi tí pátì kan bá ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀, ìdìbò abẹ́lé ni ìjà gidi, November kàn jẹ́ ayẹyẹ ni. Ọkùnrin tí àwọn àgbààgbà pátì fẹ́ lọ́dún 1968 ni William Thompson, ó ti wà ní sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀, Chisholm nà án. Ìgbà tó wá di November, James Farmer táwọn Republican àti pátì Liberal gbé jáde ló bá a du àga náà, ìlúmọ̀ọ́ká gidi lọkùnrin yẹn, ó wà lára àwọn tó dá CORE sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú. Farmer ń gbé mọ́tò tí wọ́n gbé ìlù sí kiri, ó ń sọ fáwọn èèyàn pé ohùn ọkùnrin ni wọ́n nílò ní Washington. Láàárín ìpolongo yìí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Chisholm o, ara ẹ̀ ò tíì yá tán tó fi jáde padà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Wesley Holder tó ń bá a darí ìpolongo ti lọ wo ìwé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ó rí i pé àwọn obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ níbẹ̀ gan-an. Ni Chisholm bá gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin lọ, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọmọ ilé ìwé, ó tún ń sọ Spanish fáwọn ará Puerto Rico tó wà ládùúgbò. 34,885 ìbò sí 13,777. Ohùn ọkùnrin ò wọlé.

Àbádòfin kì í ṣe òfin

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹ máa gbọ́ ọ pé lágbájá gbé àbádòfin 200 kalẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé aṣòfin ló lè gbé àbádòfin kalẹ̀, kò gba nǹkan kan, inú kọmití ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń kú sí. Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni pé mélòó ló jáde ní kọmití, mélòó nilé méjèèjì fọwọ́ sí, mélòó ni gómìnà tàbí ààrẹ buwọ́ lù. Ọdún mẹ́rin ni Chisholm lò ní Albany, ó gbé àádọ́ta àbádòfin kalẹ̀, mẹ́jọ di òfin. Tẹ́ni tí ò mọ̀ bá gbọ́ ọ á ní ó fìdí rẹmi, rárá o, ìyẹn dáa gan-an.

Ẹ wá ka àwọn tó di òfin yẹn, kẹ́ ẹ má kàn kà iye wọn. Ọ̀kan ni SEEK, ètò tó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ tálákà tí máàkì wọn ò tó lè wọ yunifásítì ìlú New York, kí wọ́n sì rí olùkọ́ tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀, ètò yẹn ṣì wà títí dòní (kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é o, ẹ máa ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun nìkan lòun ṣe òfin). Òmíì tún wà tó ní olùkọ́ tó bá lọ bímọ ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ pàdánù ẹ̀tọ́ tó ti kó jọ lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ṣinṣin lòfin tó jẹ́ káwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé fẹ́ni ẹlẹ́ni lè gba owó ìrànwọ́ tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kó tó dìgbà yẹn, tí màdáámù bá ní kó o má wá mọ́ lọ́la, ó tán nìyẹn, o ò ní rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ rántí iṣẹ́ tí ìyá ẹ̀ ṣe.

Kọmití wo ni wọ́n fi í sí?

Ní Washington, inú kọmití niṣẹ́ wà, ibi tí wọ́n bá fi aṣòfin tuntun sí ló máa sọ ohun tó lè ṣe. Nígbà tí Chisholm dé ní January 1969, kọmití iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi í sí, lábẹ́ ẹ̀, ìgbìmọ̀ kékeré tó ń bójú tó igbó àti àwọn abúlé. Brooklyn! Ó pe Spíkà, John McCormack, ìyẹn ní kó ṣe sùúrù, kó ṣe bí ọmọ ogun tó ń gbọ́rọ̀ sọ́gàá lẹ́nu.

Nígbà tó dìgbà ìpàdé àwọn Democrat, ó nàró kó lè sọ̀rọ̀, wọ́n pe àgbà kan dípò ẹ̀. Ó tún nàró, wọ́n tún pe ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ṣáá. Ló bá kúrò níjòókòó ẹ̀, ó rìn lọ síwájú pátápátá, síbi tí olúkálukú ti ń rí i, ó dúró síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀, títí tí Wilbur Mills tó ń darí ìpàdé fi ní kí ló dé. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n yọ òun kúrò ní kọmití iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e lọ sí ti àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ó ní ìyẹn sàn, sójà tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ ládùúgbò òun ju igi lọ.

Ìtàn yẹn dùn, gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. Èyí tí wọn kì í sọ ni ti ọdún 1971, nígbà táwọn Democrat fẹ́ yan aṣáájú wọn nílé, John Conyers tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiẹ̀ wà lára àwọn tó jáde, Chisholm dìbò fún Hale Boggs, aláwọ̀ funfun láti Louisiana, inú bí àwọn èèyàn ẹ̀ kan gan-an. Boggs wọlé, Chisholm sì bọ́ sí kọmití ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́, ibi tó ti fẹ́ wà látilẹ̀ wá. Lójú tèmi ó gbọ́n, torí láìsí kọmití yẹn ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí ò ní ṣeé ṣe, àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má fi Unbought and Unbossed (ẹni tí wọn ò fowó rà, tí wọn ò sì ṣe ọ̀gá lé lórí) tí wọ́n kọ sórí páálí ìpolongo ẹ̀ tàn yín pé kì í dúnàádúrà. Tẹ́ ẹ bá ń tọpa olóṣèlú, ibi tó ti dúnàádúrà ni kẹ́ ẹ máa wá, kẹ́ ẹ wo ohun tó gbà bọ̀.

Ẹ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn dópin

Láti ọdún 1938 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù tí wọ́n lè san fún òṣìṣẹ́, àmọ́ wọ́n yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé sílẹ̀, obìnrin aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Chisholm wà lára àwọn tó tì í ní Washington pé kí wọ́n fi wọ́n kún un. Lọ́dún 1973 ilé méjèèjì fọwọ́ sí i, Ààrẹ Nixon kọ̀ ọ́. Lọ́dún 1974 wọ́n tún gbé e wá, Nixon buwọ́ lù ú ní April.

Ìbò àwọn aṣòfin tó wá láti ìpínlẹ̀ Gúúsù ńkọ́? Ní May 1972, nígbà tí Chisholm àti George Wallace, gómìnà Alabama tó ní kí aláwọ̀ dúdú àti funfun má ṣe jọ wà pọ̀, ń du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ, wọ́n yìnbọn fún Wallace. Chisholm lọ kí i ní ọsibítù. Àwọn tó ń dìbò fún Chisholm fẹ́rẹ̀ẹ́ já a jù sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ yìí wá délẹ̀, òun fúnra ẹ̀ sọ pé Wallace bá òun bá àwọn aṣòfin Gúúsù kan sọ̀rọ̀.

Ẹ máà tíì dìde o, ẹ ka àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀. Òfin 1974 yẹn gba àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé wọlé, àmọ́ ó yọ àwọn tó ń jókòó ti arúgbó àti aláìsàn nílé sẹ́yìn. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣe home care ní Houston, ní Maryland, ní Chicago mọ irú iṣẹ́ tí mò ń sọ. Ọdún 2015 ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ tó mú àtúnṣe tó kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wọlé ṣẹ. Ọdún mọ́kànlélógójì! Ẹni tó bá kàn kọ ọ́ pé Chisholm jà fún òṣìṣẹ́ ilé lọ́dún 1974, kò parọ́, àmọ́ kò ka òfin náà dé ìsàlẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí ìwé

Fún àwọn tó ti wà ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, bioguide.congress.gov máa fún yín ní ọdún tó wọlé àti ọdún tó jáde, history.house.gov máa sọ ìtàn. Congress.gov lẹ ti máa rí àbádòfin, ṣùgbọ́n láti ọdún 1973 lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ohun tó ṣáájú ìyẹn tẹ́ ò bá rí, ẹ lọ wá a nínú Congressional Record, ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tó ń lọ ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì sí. Tówó ìpolongo wà ní fec.gov, lẹ́yìn 1972 ni wọ́n sì dá FEC, àjọ tó ń ṣọ́ owó ìpolongo, sílẹ̀, torí náà ẹ má wá ìpolongo ààrẹ Chisholm síbẹ̀. Tìpínlẹ̀ ló máa ń ni èèyàn lára, kálukú ló ní wẹ́bùsáìtì tiẹ̀, àwọn míì dáa, àwọn míì kò ṣeé wò, tọ́rọ̀ bá sì ti pẹ́, láíbìrì ìpínlẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, wọ́n máa ń dáhùn.

Tó bá pàdánù ńkọ́?

Ẹ má fo ìbò tí kò wọlé, àmọ́ ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀ dáadáa. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti ka ìtàn 1972 lẹ ti máa rí i pé àwọn dẹ́lígéètì 152 ló dìbò fún Chisholm ní ìpàdé àwọn Democrat ní Miami Beach. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìdìbò abẹ́lé, 28 péré ló rí, ọ̀pọ̀ nínú ìyókù jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó wá dìbò fún Hubert Humphrey, tí Humphrey sì yọ̀ǹda fún kí wọ́n dìbò fún Chisholm nígbà tóun fúnra ẹ̀ rí i pé George McGovern tí wọ́n jọ ń du tíkẹ́ẹ̀tì ti gbà á lọ. Nọ́ńbà méjèèjì ló ní ìtumọ̀, kẹ́ ẹ ṣáà má pò wọ́n pọ̀.

Ohun tó kẹ́yìn ni ẹni tó gba àga lẹ́yìn ẹ̀. Chisholm ò du àga mọ́ lọ́dún 1982, jàǹbá mọ́tò ti ṣe ọkọ ẹ̀, nǹkan sì ti yí padà ní Washington látìgbà tí Ààrẹ Reagan dé, ó lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Mount Holyoke College. Major Owens ló jókòó sórí àga náà ní January 1983, òṣìṣẹ́ láíbìrì ní Brooklyn tó ti ṣe sẹ́nétọ̀ ní Albany fún ọdún mẹ́jọ, ọ̀nà kan náà tí Chisholm gbà ló gbà. Kọmití ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ lòun náà wà, ọ̀rọ̀ àwọn abirùn sì ni ẹ lè fi tọpa tiẹ̀, títí dé òfin ọdún 1990 lórí ẹ̀tọ́ wọn. Gbogbo àbádòfin tó gbé kalẹ̀ ní Washington ló wà lórí congress.gov, fún ìyẹn kò sí pé ẹ ń kọ̀wé sí láíbìrì kankan.